Ọ̀rọ̀ Kò Wá Sí Ringo Lẹ́nu Létí Odò Thames

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìbéèrè kan ti ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi. Nínú A Hard Day's Night, fíìmù apanilẹ́rìn-ín tí àwọn Beatles, ìyẹn àwọn ọmọ Liverpool mẹ́rin, John Lennon, Paul McCartney, George Harrison àti Ringo Starr, ṣe ní ọdún 1964, wọ́n fẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn olórin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìran tirẹ̀ tí yóò dá ṣe. Wọ́n múra dáadáa fún ti Paul McCartney. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tó dùn sí i, wọ́n wá Isla Blair tó jẹ́ òṣèrébìnrin gidi, wọ́n sì lọ yà á ní gbọ̀ngàn kan tí wọ́n ti ń kọ́ ijó ní Notting Hill. Nígbà tí wọ́n yà á tán, wọ́n gé e dànù. Ti Ringo Starr wá ńkọ́? Ọkùnrin náà dé ibi iṣẹ́ láìfojú kan oorun, kò rántí ọ̀rọ̀ tó yẹ kó sọ, síbẹ̀ ìran tirẹ̀ ni gbogbo ayé ń yìn títí dòní.

Àwọn tí mo bi ní oríire ni. Mi ò gbà. Oríire kì í wọ ilé tí a ti ti gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí sílẹ̀ nínú fíìmù yìí ni mo sì fẹ́ ká jọ wò.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ní Kew

Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó gba ẹ̀gbẹ́ odò Thames kọjá ní Kew, ní ìwọ̀-oòrùn London, ni wọ́n ti ya ìran náà. Nínú ìtàn, bàbá àgbà Paul, arúgbó kan tí kì í jẹ́ kí ilé ó tòrò, ti rọ̀jò ọ̀rọ̀ sí Ringo létí pé àwọn yòókù ò kà á sí. Ringo bá fi wọ́n sílẹ̀ ní tíátà nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré orí tẹlifíṣọ̀n, ó gbé kámẹ́rà rẹ̀, ó sì bọ́ síta. Àwọn ọmọbìnrin méjì dá a mọ̀, wọ́n lé e, ó sá wọ ṣọ́ọ̀bù òkìrìkà kan, ó ra kóòtù àti fìlà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀ ọ́n mọ́. Ọmọbìnrin tó tún gbìyànjú láti bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà lé e dànù bí ẹni lé ajá. Ẹni tó ń sá fún àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ni, ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn rẹ̀ kò sẹ́ni tó fẹ́ rí i. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn kí ó tó dé etí odò.

Ìwé eré ní kó pàdé ọmọdékùnrin kan níbẹ̀, kí àwọn méjèèjì jọ sọ̀rọ̀. Ringo ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀ láìmọye ìgbà pé ilé ijó alẹ́ lòún ti gba ibi iṣẹ́ lọ tààrà lọ́jọ́ náà, ọtí àná sì wà lójú òun. Wọ́n ní kó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò bọ́ sí i. Wọ́n ní kí ẹnìkan dúró sẹ́yìn kámẹ́rà, kó máa pe ọ̀rọ̀ náà fún un kó máa tẹ̀ lé e, ìyẹn náà kò bọ́ sí i. Ringo bá ní kí wọ́n kúkú jẹ́ kí òun máa rìn kiri, kí wọ́n máa yà á bó ṣe ń rìn. Richard Lester, olùdarí eré náà, gbà.

Díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ òun àti ọmọ náà ṣì wà nínú fíìmù, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ìrìn yẹn lẹ máa rántí. Ọrùn rẹ̀ rì sínú kóòtù, ó ń wọ́sẹ̀ nílẹ̀, ojú rẹ̀ ṣú bí ọjọ́ tí òjò fẹ́ rọ̀. Ó gbé kámẹ́rà rẹ̀ kalẹ̀ kó lè ya ara rẹ̀, kámẹ́rà ré bọ́ sínú omi. Àwọn alárìíwísí rí èyí, wọ́n fi í wé Charlie Chaplin, aláwàdà ayé fíìmù tí kò lóhùn. Ringo sì ṣàlàyé pé bí ara ṣe ń ṣe òun gan-an lójú òun fi hàn, pé ara òun kò yá rárá ni.

Ohun tí ohùn ń ṣe fún ẹni tó ń ya fíìmù

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbi tí Lester ti gbà yẹn, nítorí ọ̀pọ̀ olùdarí kò ní gbà, wọ́n sì ní ìdí.

Ìran tó bá ní ọ̀rọ̀ ẹnu nínú le láti yà níta. Kámẹ́rà ayé ìgbà yẹn máa ń pariwo bí ẹ̀rọ ìránṣọ, nítorí náà wọ́n ní láti fi àpótí wíwúwo bò ó kí ariwo rẹ̀ má baà wọ inú ohùn. Bí wọ́n bá ti bò ó, kò ṣeé gbé rìn mọ́. Orí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tàbí orí ọmọlanke ló máa wà. Makirofóònù gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹnu òṣèré, síbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ hàn nínú àwòrán. Bí ọkọ̀ òfuurufú bá kọjá, wọ́n á tún un yà, bẹ́ẹ̀ abẹ́ ojú ọ̀nà àwọn ọkọ̀ òfuurufú tó ń balẹ̀ sí Heathrow ni Kew wà. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ lu makirofóònù, wọ́n á tún un yà. Bí òṣèré bá ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, àtúnyà náà ni. Ẹni tí kò sùn mọ́jú kò lè la gbogbo ìyẹn já.

Ṣùgbọ́n gbàrà tí ẹ bá ti yọ ọ̀rọ̀ ẹnu kúrò, iṣẹ́ yí padà. Àpótí ò wúlò mọ́. Èèyàn kan á gbé kámẹ́rà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lé èjìká, á máa tẹ̀ lé òṣèré. Ọkọ̀ òfuurufú lè máa kọjá. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé olùdarí fúnra rẹ̀ lè máa sọ̀rọ̀ nígbà tí kámẹ́rà ń yí, kó máa kígbe pé, "Dúró níbẹ̀, wo omi, máa bọ̀," kí òṣèré sì máa ṣe é láìní rántí ohunkóhun. Ẹni tí orí ń fọ́ lè ṣe ìyẹn. Níkẹyìn, orin ni wọ́n fi bo gbogbo rẹ̀: George Martin, tó ń bójú tó gbígba orin wọn sílẹ̀, tún orin wọn kan, This Boy, tò fún ohun èlò orin láìsí ohùn ènìyàn, ìyẹn ló ń lọ lẹ́yìn ìrìn Ringo. Wọ́n pe orin náà ní Ringo's Theme.

Ọ̀nà kan ò wọjà. Lester mọ ọ̀nà kejì yìí dáadáa kó tó bá àwọn Beatles pàdé rárá. Ní 1959, òun àti òṣèré aláwàdà Peter Sellers ṣe fíìmù kékeré kan, The Running Jumping & Standing Still Film, tí kò ní ọ̀rọ̀ ẹnu nínú, tó jẹ́ àwọn èèyàn tó ń ṣe wérewère lórí pápá ni. Àwọn Beatles fẹ́ràn fíìmù yẹn gan-an, ó sì wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n gbà pé kó darí tiwọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wá gbẹ lẹ́nu Ringo ní Kew, iṣẹ́ tó mọ̀ dunjú ni Lester padà sí.

Kí ló dé tí ti Paul kò fi bọ́ sí i

Ìdàkejì ni ìran Paul. Ó wọ gbọ̀ngàn, ó bá ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ ayé àtijọ́ tó ń dá eré rẹ̀ dán wò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọ̀rọ̀. Gbogbo agbára ìran náà wà nínú ọ̀rọ̀ ẹnu. Bí ọ̀rọ̀ yẹn kò bá ti tẹnu jáde bí ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n ń wo òun, kò sí ibòmíràn tí ìran náà lè fẹ̀yìn tì. Paul sì ni ẹni tó ń lọ sí tíátà jù nínú wọn lásìkò náà, ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ Jane Asher jẹ́ òṣèré. Ó mọ bí eré ṣe ń rí, ó sì fẹ́ ṣe é dáadáa. Fún mi, níbẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Fíìmù tó ń sáré bí ẹni tí ẹ̀ṣọ́ ń lé kò lè dúró wo ẹni tó ń ṣeré. Ìran náà fa fíìmù sẹ́yìn, wọ́n sì gé e. Àwọn fọ́tò rẹ̀ ló kù tí àwa ń wò.

Nítorí náà, nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Paul nìkan ni kò ní ìran tirẹ̀. John ní ti ọ̀dọ́bìnrin inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń bi í bóyá òun ni tàbí òun kọ́. George ní ti ọ́fíìsì àwọn tó ń ta aṣọ fún ọ̀dọ́, èyí tí mo kà sí ìran tó pani lẹ́rìn-ín jù nínú gbogbo fíìmù náà.

Ìwé eré tó mọ ẹni tí yóò lò ó

Alun Owen ló kọ ìwé eré náà. Ọmọ Wales ni, ṣùgbọ́n ní Liverpool ló ti dàgbà, etí rẹ̀ sì gbọ́ bí àwọn ọmọ yẹn ṣe ń sọ̀rọ̀. Ní oṣù Kọkànlá 1963, ó bá wọn lọ sí Dublin. Ohun tó rí níbẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin tí kò ní òmìnira: inú ọkọ̀, inú yàrá, inú ọkọ̀, inú yàrá. Ó fi ìyẹn ṣe ìtàn. Ó sì ṣe ohun kan tí mo rò pé kò gba ìyìn tó tọ́ sí i: ó gé ọ̀rọ̀ wọn kúrú. Ẹ lọ wò ó, gbólóhùn kan péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa ń sọ kí ẹlòmíràn tó gbà á lẹ́nu rẹ̀. Olórin tí kò kọ́ iṣẹ́ eré lè rántí gbólóhùn kan. Bó bá ṣì í, èyí tó tẹ̀ lé e kò ní bàjẹ́. Bí ẹ bá fún un ní gbólóhùn mẹ́wàá léra, ẹ ti ba iṣẹ́ jẹ́ kí kámẹ́rà tó yí.

Wọn kò tiẹ̀ tíì di ọmọ ẹgbẹ́ òṣèré títí di àárọ̀ ọjọ́ kìíní iṣẹ́, ọjọ́ kejì oṣù Kẹta 1964. Ní ibùdókọ̀ rélùwéè Paddington, létí ọkọ̀ tó ń dúró dè wọ́n, ni wọ́n ti gbà wọ́n wọlé: Wilfrid Brambell, tó ṣe bàbá àgbà Paul, ló dábàá wọn, Norman Rossington, òṣèré mìíràn nínú fíìmù náà, sì kín in lẹ́yìn. Inú ọkọ̀ yẹn ni George ti pàdé Pattie Boyd, tó wọ aṣọ ọmọ iléèwé láti sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Wọ́n fẹ́ra ní oṣù Kìíní 1966.

Brambell náà ni ìdí tí gbogbo èèyàn nínú fíìmù fi ń sọ pé arúgbó yìí mọ́ tónítóní. Àwọn ọmọ wa tó ń wò ó lónìí kì í rí ẹ̀rín ibẹ̀. Lórí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun ni bàbá inú Steptoe and Son, arúgbó tó ń kó ahẹrẹpẹ, tí ọmọ rẹ̀ máa ń pè ní arúgbó onídọ̀tí. Gbogbo ilé ló mọ̀ ọ́n sí ìdọ̀tí, ni wọ́n bá fọ̀ ọ́ mọ́.

Owó kékeré, àkókò kékeré

United Artists, ilé iṣẹ́ fíìmù tó náwó sí i, kò fi bẹ́ẹ̀ gbójú lé fíìmù náà. Rẹ́kọ́ọ̀dù tí orin inú rẹ̀ máa wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Owó tí wọ́n fi ṣe é kò tó £200,000, dúdú àti funfun ni wọ́n sì yà á. Nígbà tí Brian Epstein tó ń ṣojú àwọn Beatles jókòó láti dúnàádúrà, ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé òun kò ní gba ohun tó bá kéré sí ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún èrè. Àwọn tó jókòó níwájú rẹ̀ ti ń múra láti fún un ní 25. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rántí rẹ̀.

Wọ́n tún ń sáré nítorí wọ́n rò pé ariwo àwọn Beatles lè ti rọlẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹta, wọ́n yà á tán ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹrin, ó sì wà lójú àwọn èèyàn ní London Pavilion ní ọjọ́ kẹfà oṣù Keje. Bí a gúnyán nínú ewé, tí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó. Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe fún orin I Should Have Known Better, tí àwọn mẹ́rin ń kọ nínú yàrá ẹrù ọkọ̀ rélùwéè. Ọkọ̀ rélùwéè kọ́ rárá. Inú fáànù ni, ní ilé ìyafíìmù Twickenham, àwọn òṣìṣẹ́ dúró níta, wọ́n ń fọwọ́ mì ín síwá sẹ́yìn. Bí ẹ bá ti mọ̀, ẹ ó rí i pé bí yàrá yẹn ṣe ń mì kò jọ bí rélùwéè ṣe ń mì. Bí ẹ kò bá mọ̀, orin á ti gbé yín lọ.

Orúkọ fíìmù gan-an kò tètè wá. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ringo ló la ẹnu rẹ̀ sọ ọ́, nígbà tó fẹ́ sọ pé ọjọ́ náà le, tó wòta rí i pé ilẹ̀ ti ṣú, tó bá so ọ̀sán pọ̀ mọ́ òru. Wọ́n ti ń yàwòrán lọ kí wọ́n tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Wọ́n wá nílò orin tó ń jẹ́ orúkọ náà, John Lennon gbé e wá kíákíá, wọ́n sì gbà á sílẹ̀ ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ Abbey Road ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹrin. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni wọ́n gbìyànjú rẹ̀.

Ìdajì ìyára

Nínú orin yẹn, ibì kan wà láàárín tí gìtá George àti dùùrù George Martin jọ ń sáré pọ̀ bí ẹ̀ṣẹ́ òjò. Ó yá jù fún ọwọ́. Wọ́n bá dín ìyára téèpù kù sí ìdajì, àwọn méjèèjì fi sùúrù lù ú nísàlẹ̀, nígbà tí wọ́n sì dá téèpù padà sí ìyára rẹ̀, gbogbo rẹ̀ yára, ohùn rẹ̀ sì ròkè. Ìdí nìyẹn tí gìtá ibẹ̀ fi ń dún bí ohun tí kì í ṣe gìtá pátápátá.

Ọgbọ́n kan náà ni Lester lò lórí pápá, nígbà tí àwọn mẹ́rin sá jáde láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, tí wọ́n ń fò káàkiri bí ọmọ iléèwé tí agogo ìsinmi lù fún. Àwòrán 24 ni fíìmù ń fi hàn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí kámẹ́rà bá ya 12 péré láàárín àkókò yẹn, tí wọ́n wá fi 24 hàn, èèyàn tó ń rìn á di ẹni tó ń sáré, ẹni tó ń sáré á di eṣinṣin. Bó bá ya 48, ẹni tó fò sókè kò ní tètè balẹ̀. Ewu rẹ̀ ni pé kò bá ohùn lọ rárá: ẹ kò lè ya ẹni tó ń kọrin báyìí kí ẹnu rẹ̀ bá orin mu. Lester kò sì ní kí ẹnikẹ́ni kọrin níbẹ̀. Orin ń lọ lókè, àwọn ń ṣeré nísàlẹ̀, ẹnikẹ́ni ò di gìtá mú. Lójú mi, inú ìran yìí ni fíìmù orin ti kọ́ láti fi olórin sílẹ̀ kó má kọrin. I'll Cry Instead ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ lò níbẹ̀; Lester kò fẹ́ ẹ, ó fi Can't Buy Me Love rọ́pò rẹ̀, orin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ní Paris láti oṣù Kìíní. Ó gba ìṣẹ́jú méjì àti díẹ̀. Ìdì fíìmù kékeré tí wọ́n ń fi sí kámẹ́rà èjìká, tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 400, ń lọ tó ìṣẹ́jú mẹ́rin ààbọ̀, nítorí náà wọ́n lè ya gbogbo ìwà wèrè tó bá gba orin kan láìdúró.

Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹrin tí wọ́n ń ya apá kan rẹ̀ ní pápá Isleworth, John kò lè dúró. Ilé ìtàwé Foyles ń ṣe oúnjẹ ọ̀sán láti fi yẹ́ ẹ sí nítorí ìwé rẹ̀. Bí ìran náà bá ní ọ̀rọ̀ ẹnu ni, iṣẹ́ ọjọ́ náà ti bàjẹ́. Wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ láìsí i.

Boston Place

Orin ìparí, ní Scala Theatre ní Charlotte Street, kò ní ọgbọ́n ìdajì ìyára nínú. Ibẹ̀ ni ẹnu ti gbọ́dọ̀ bá orin mu. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹta, wọ́n kó nǹkan bí 350 ọmọ wá, wọ́n sanwó fún wọn láti jókòó, wọ́n sì ń pariwo lọ́fẹ̀ẹ́. Phil Collins tó wá di gbajúmọ̀ olórin, ọmọ ọdún 13 nígbà náà, wà láàárín wọn. Rẹ́kọ́ọ̀dù ni wọ́n ń tẹ̀ kí àwọn Beatles máa la ẹnu bá a lọ, ṣùgbọ́n bí ariwo bá bo rẹ́kọ́ọ̀dù, ọwọ́ onílù á yẹ̀. Ohun tó ń gba ni là níbẹ̀ ni kámẹ́rà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: níbi tí ẹnu tàbí ọwọ́ bá ti yẹ̀, ẹni tó ń gé fíìmù á yí ojú àwa òǹwòran sí ọmọ kan tó ń sunkún láàárín èrò. Ẹ tún un wò, ẹ ó rí i pé àwọn ojú yẹn kì í wá lásán.

Ìran àkọ́kọ́ nínú fíìmù ni mo fẹ́ kí ẹ padà sí. Ní ibùdókọ̀ rélùwéè Marylebone ni wọ́n ti yà á, ní ọjọ́ Àìkú méjì nínú oṣù Kẹrin, nítorí ibùdókọ̀ yẹn kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú nígbà náà. Àwọn mẹ́ta ń sáré bọ̀ ní Boston Place, òpópónà tó lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ náà, èrò ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Paul kò sí níbẹ̀. Ó ti lẹ irùngbọ̀n mọ́ àgbọ̀n, ó ń dúró dè wọ́n nínú ibùdókọ̀. George fẹsẹ̀ kọ, ó ṣubú lulẹ̀ gbalaja. Ringo dé, ó fẹsẹ̀ kọ ọ́, òun náà ṣubú lé e. Kò sí nínú ìwé eré. Olùdarí mìíràn á ní kí wọ́n dúró, kí wọ́n gbọn aṣọ wọn, kí wọ́n padà sẹ́yìn láti tún un sá. Kámẹ́rà kò dúró. George dìde, Ringo dìde, èrò kò dẹ́kun sísáré. Ẹ má wo àwọn méjèèjì tó ṣubú. Ẹ wo John tó wà níwájú: ó bojú wẹ̀yìn, ó rí wọn nílẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín.